Ìrora Tí Ìlù Àyà Kò Sọ

Òjòwò, Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọ̀sán Sátidé.

Ọlábísí ọmọ mi, Àṣàbí ọmọ ìyá rẹ̀,

Ó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, kí n ní gbogbo wa wà ní àlàáfíà, kí n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ìyẹn. Mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì ti ya bébà náà. Ọ̀rọ̀ "a dúpẹ́" yẹn gan-an wà lára ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ, mi ò sì fẹ́ fi irọ́ kékeré ṣí ilẹ̀kùn fún òótọ́ ńlá.

Gbénga àbúrò rẹ pè mí ní àná. Ó ní ìwé iṣẹ́ rẹ ti dé, pé ilé ìwòsàn kékeré kan létí ọ̀sà, lọ́nà Ìwòpin, ni wọ́n fi ọ́ sí, àti pé wọ́n fún ọ di ìparí oṣù yìí láti yọjú. Inú mi ti fẹ́ dùn. Ló bá ní, "Dádì, ẹ má tíì yọ̀ o. Bísí ní òun ò lọ. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan aláìsàn mọ́ láyé òun." Mo bi í pé kí lo wá ń ṣe ní Àgọ́-Ìwòyè láti ọjọ́ yìí. Ó ní ò ń bá àwọn ọmọ yunifásítì tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn lórí kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́, mi ò fi títẹ ìwé ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó lé ọ kúrò nídìí iṣẹ́ tí o fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, nítorí ojú mi ló ṣe. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ, èmi àti ìwọ ò tíì sọ ọ́ síra wa. Wàá pè, wàá ní, "Dádì, ṣé ẹ ti jẹun?" Màá ní mo ti jẹun. Wàá ní, "Ara ńkọ́?" Màá ní a dúpẹ́. Fóònù á sì kú. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa tóbi ju ohun tí a ń sọ lórí fóònù lọ. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́. Jọ̀ọ́, kà á dé òpin kí o tó tún sọ pé o ò lọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí èmi ti rí i, kó má jẹ́ pé bí ìwọ ti ń rò ó nìkan ni yóò wà láyé.

Nígbà tí jẹjẹrẹ ti wọ ìyá rẹ légungun, tí àwọn dókítà ní ká máa gbé e lọ sílé, wọ́n fún wa ní oògùn olómi kan fún ìrora. Wọ́n ní ká máa fún un nígbà tí ìrora bá dé, ká sì ṣọ́ra, torí pé bó bá pọ̀ jù, ó lè dín èémí rẹ̀ kù. Ìwọ ni nọ́ọ̀sì ilé. Ọwọ́ rẹ ni ìgò náà wà. Wàá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, wàá fi ìka sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, wàá tẹjú mọ́ aago.

"O ti tún dé," ni ìyá rẹ á wí. "Ṣé o rò pé àyà mi ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ ni?"

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀. Mò ń kà á."

"Kà á dáadáa o. Bó bá dín, ìwọ lo jí i."

Wàá rẹ́rìn-ín. Wàá wá bi í pé, "Ṣé ó ń dùn yín, Mà?"

"Mo ti gba ìwòsàn mi."

"Mà, mo ní ṣé ó ń dùn yín?"

"Àbí o ò gbọ́ Yorùbá mọ́ ni, Nọ́ọ̀sì? Mo ní mo ti gbà á. A dúpẹ́."

Lẹ́yìn náà ni yóò gbé orin, ọ̀kan nínú àwọn orin ìjọ tó máa ń falẹ̀, tí wọ́n máa ń fi ìparí ìlà fà gùn. Wàá yíjú sí mi: "Dádì, ìlù àyà wọn ò yára rárá. Ẹ̀jẹ̀ wọn ò ga. Ara tù wọ́n." Wàá sì gbé ìgò oògùn padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ó wá di ọjọ́ kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, o ní o fẹ́ bá a gé èékánná. O gé ti ọ̀tún tán. Ọwọ́ òsì, èyí tó máa ń wà lábẹ́ aṣọ ìbora, kò fẹ́ fún ọ. O fi ẹ̀rín tú ìka rẹ̀ bí ẹni ń tú ọwọ́ ọmọdé tó di ṣúgà mú. Ojú ibi tí èékánná rẹ̀ ti gún un wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn kan ti jinná, àwọn kan ṣì tutù.

Mo rántí ohùn rẹ. O ní, "Mà, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ó wojú ògiri. Ó ní, "Ṣé kí n wá sọ fáyé pé àdúrà ìjọ ò gbà?"

O fún un ní oògùn. Ó sùn. Bísí, ìwọ náà rí oorun yẹn. Ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́, ìka rẹ̀ sì tú sílẹ̀ lórí aṣọ. O jáde lọ sẹ́yìnkùlé, lẹ́bàá tánkì omi, mo tẹ̀ lé ọ. O ní, "Dádì, èmi ni mo fìyà jẹ màmá mi." Mo ní, "Má jẹ́ kí n gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ mọ́." Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, mo rò pé mò ń tù ọ́ nínú. Ìdérí ni mo gbé lé ìkòkò tó ń hó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ lọ, ìwọ náà sì kó aṣọ rẹ, o lọ.

Ó dáa. Lónìí, mo ṣí ìdérí náà. Sọ ọ́ bí o bá fẹ́ sọ ọ́. Àmọ́ gbọ́ tèmi pẹ̀lú.

Èkíní. Mọ ẹni tó ń dá ọ lóhùn nígbà tí o bá fi ìka kan ọwọ́ aláìsàn.

Aláìsàn fúnra rẹ̀ kọ́. Tíṣà bàọ́lọ́jì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ìwọ sì mọ èyí jù mí lọ, ṣùgbọ́n gbà kí n sọ ọ́ bí mo ti máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì. Àwọn iṣan kan wà lára wa tí kì í dúró gba àṣẹ. Wọn kì í bi ẹni tó ni ara kí wọ́n tó mú ọkàn lù, kí wọ́n tó jẹ́ kí òógùn bọ́, kí wọ́n tó mú ọmọlójú fẹ̀. Ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n. Ọ̀wọ́ kan ń pariwo pé, "Sá! Jà!" Bí ìrora bá dé lójijì, àwọn ló ń dáhùn: àyà á máa lù kì kì kì, ẹ̀jẹ̀ á ga, ẹnu á gbẹ, irun ara á dìde, òógùn tútù á bo iwájú orí. Ọ̀wọ́ kejì ń sọ pé, "Rọra. Jókòó. Sinmi." Tọ̀sán-tòru ni àwọn méjèèjì ń fa okùn kan náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ohun tí ìka rẹ ń kà ni ibi tí okùn náà wà ní ìṣẹ́jú yẹn. Okùn náà kò lè sọ ẹni tó ń fà á fún ọ, kò sì lè sọ ìdí rẹ̀. Ìbẹ̀rù lè fà á. Ibà lè fà á. Ayọ̀ pàápàá ń fà á.

Èkejì, ìrora kì í fi gbogbo ìgbà mú àyà sáré. Èyí ni mo fi ojú ara mi kọ́, ó sì ti èmi náà lójú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà nígbà náà, mo lágídí, mo sì fẹ́ràn kí àwọn ọmọ máa fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn olùtọ́jú wá fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọkùnrin kan wà tí a ń pè ní Kòbókò nítorí pé kì í bẹ̀rù ẹ̀gba. Bí abẹ́rẹ́ ti wọ̀ ọ́ lápá, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun, ó sì wó lulẹ̀ bí àpò àgbàdo. Mo pariwo pé, "Kòbókò rèé! Ẹ wo akíkanjú yín!" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo mú ọwọ́ rẹ̀, ìlù àyà rẹ̀ ń falẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà tí mo kàwé sí i ni mo mọ̀ pé ọ̀wọ́ tó ń sọ pé "Rọra" ló fa okùn jù: ọkàn rọ, iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ya lọ sẹ́sẹ̀, orí sì ṣófo. Ojo kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ọmọ yẹn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní Kòbókò mọ́ títí ó fi jáde ilé ẹ̀kọ́. Níbi tí o bá ń lọ, bí èèyàn bá dákú nídìí abẹ́rẹ́ tàbí nígbà tí ò ń fọ ojú egbò, tẹ́ ẹ sílẹ̀, gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, kí o sì lé gbogbo ẹni tó bá rẹ́rìn-ín jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ dókítà.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó kàn ọ́, Àṣàbí, nítorí náà fara balẹ̀ kà á.

Bí olè bá wọ inú ọgbà, ajá á gbó. Bí olè náà kò bá lọ, tó jókòó síbẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, ní ọ̀la, ní ọ̀túnla, ohùn ajá á há. Á dùbúlẹ̀, á máa wò ó. Ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì á ní, "Ilé yìí mà tòrò." Bẹ́ẹ̀ ni ìrora tó pẹ́ lára. Ara kò lè máa sáré títí ayé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àyà á padà sí bó ṣe ń lù tẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á padà sí ipò rẹ̀, olè á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Bí ọkàn aláìsàn bá ń sáré, wádìí ohun tó ń lé e. Bí kò bá sáré, má sọ pé kò sí nǹkan.

Ohun méjì tún wà lára ìyá rẹ. O rántí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò. Irú oògùn yẹn máa ń di ọkàn mú kó má lè sáré, bí ẹni tó di ìjánu ẹṣin. O rántí orin rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń kọrin tó falẹ̀, tó ń fa ìparí ìlà gùn, èémí rẹ̀ á máa jáde díẹ̀díẹ̀, èémí tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ sì máa ń mú ọkàn rọ. Ìyá rẹ ò ka ìwé kankan nípa èyí. Ó kàn mọ̀ pé bí òun bá kọrin, òun á lè fara dà á. Nígbà tí ò ń ka ìlù àyà rẹ̀, orin ló wà lẹ́nu rẹ̀. Oògùn tirẹ̀ ni ò ń kà.

Ewo nínú nǹkan wọ̀nyí ló wá tàn ọ́ jẹ? Mi ò mọ̀. Mo ti ka ìwé tó pọ̀, àwọn tó kọ wọ́n kò fẹnu kò. Ó ṣeé ṣe kí n máa wá àwíjàre fún ọ nítorí pé ọmọ mi ni ọ́. Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yẹn ju bí o ti rò lọ. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Apá kan jẹ́ tìrẹ. O bi ẹnu, o bi ọkàn, àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì sọ ohun kan náà, o sì gbà á. Apá tó kù kì í ṣe tìrẹ. Ibi tí wọ́n ti kọ́ ìyá rẹ láti dákẹ́ jìnnà sí ibùsùn yẹn, èmi náà sì wà lára àwọn tó kọ́ ọ.

Kí a tó bí ọ, ìyá rẹ ti ń rán sùtánà fún àwọn ọmọ ìjọ, nínú yàrá iwájú níbi tí máṣíìnì rẹ̀ ṣì wà. Lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ máṣíìnì la èékánná rẹ̀ já, ó sì kan ìka rẹ̀ mọ́ irin. Ọwọ́ tí nǹkan bá gún kì í dúró de ìmọ̀ràn. Inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni àṣẹ ti ń wá pé kó sá, kí ọpọlọ tó gbọ́ rárá. Apá rẹ̀ fò, abẹ́rẹ́ ò jẹ́ kó lọ. Ó wá fi ọwọ́ kejì yí irin róbótó ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì náà padà, díẹ̀díẹ̀, títí abẹ́rẹ́ fi yọ. Òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀.

Mo sáré dé. Mo ní, "Ṣé kò sí?"

Ó gbé aṣọ funfun náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "A dúpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ò ta sí i."

Mo fi í yangàn káàkiri. Ní yàrá tíṣà, ní ìjọ, lọ́dọ̀ àwọn àna mi ní Àwà: "Ìyàwó tèmi kì í ké." Nígbà tó bí ọ, àwọn obìnrin ìjọ jáde wá, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ kú oríire. Àwa tí a wà lẹ́nu ọ̀nà ò gbọ́ nǹkan kan." Orí mi wú. Ohun tí a bá ń yin èèyàn sí ló máa ń ṣe. A yìn ín títí dídákẹ́ fi di aṣọ tí kò lè bọ́ mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. A ń pa òwe náà, a sì ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó dákẹ́.

Nítorí náà, má ṣe yin aláìsàn kankan nítorí pé kò ké. Ní yàrá ìrọbí, ibi tí àwọn nọ́ọ̀sì kan ti máa ń sọ pé "Ṣé ìwọ nìkan lo máa bímọ ni?", jẹ́ kí obìnrin ké bó bá fẹ́. Bí kò bá ké, lọ jókòó tì í, torí pé òun lo lè gbàgbé.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ará ibi tí o ń lọ. (Mo kọ "ibi tí o ń lọ." Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.) Mo ti ṣe tíṣà lágbègbè etí omi yẹn nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo sì mọ̀ wọ́n. Àwàdà ni wọ́n fi ń bo ìrora. Apẹja kan, ẹni tí a jọ ń gbé ọgbà kan náà, ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi aṣọ di ọwọ́. Ọ̀bọ̀kún ló gún un. O mọ ẹ̀gún ẹja yẹn, oró wà nínú rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Ẹja bú mi, Tíṣà. Mo sì ti bú u padà. Ó wà nínú ìkòkò."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú. Ó ń pa àwọn tó wà lórí ìlà lẹ́rìn-ín. Ó ní bí òun bá kú kí wọ́n má se ọ̀bọ̀kún níbi ìnáwó òun, ọ̀tá òun ni. Ẹni tó ń pín káàdì ní, "Èyí tó ń ṣe àwàdà yìí? Kó lọ sẹ́yìn. Àwọn tó ń ṣàìsàn ló wà níwájú." Ó lọ sẹ́yìn. Èmi náà gbà pé bó ṣe yẹ nìyẹn. Mo sì ń rí i o. Mo rí irun apá rẹ̀ tó dìde ṣánṣán nínú oòrùn. Mo rí ọmọlójú rẹ̀ tó fẹ̀ rẹpẹtẹ. Ẹ̀wù rẹ̀ ti rin fún òógùn, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ tutù. Ara rẹ̀ ń kígbe, ẹnu rẹ̀ ń ṣe yẹ̀yẹ́, èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní bàọ́lọ́jì sì gba ẹnu gbọ́. Kó tó kàn án, ó ti ṣubú. Wọ́n gé ìka méjì lọ́wọ́ rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ọwọ́ tó fi ń ju àwọ̀n ni.

Nígbà tí o bá dé ibẹ̀, wàá rí àwọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín lórí ìlà, dìde, lọ wo apá rẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí mi ò rí ìdáhùn sí, ìwọ náà á sì bá a pàdé. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni. O mọ̀ pé mo ń lọ sí ìjọ, o sì mọ̀ pé n kì í gba gbogbo nǹkan gbọ́ bí ìyá rẹ ti gbà á. Mi ò bínú sí ìjọ. Àwọn ló gbé omi fún wa, àwọn ló gbálẹ̀ ilé yìí nígbà tí ìwọ ń sùn lórí àga. Ìyá Dáníẹ́lì, tó jẹ́ aṣáájú àwọn obìnrin, wá kí mi lẹ́yìn ìsìnkú. Ó ní, "Tíṣà, akọni ni ìyàwó yín. Títí dé òpin, kò ráhùn."

Mo ní, "Ìyá Dáníẹ́lì, ṣé ẹ bi í?"

"Kí a bi í kí ni?"

"Bóyá ó ń dùn ún."

"Hà, ẹ̀yin náà! Ṣé a máa ń bi ẹni tí a ń gbàdúrà fún? Bí a bá bi í, tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni ńkọ́?"

Ó wá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún síwájú, ó fi ọwọ́ nu orúnkún lórí aṣọ. Ó ní, "Tíṣà, ẹsẹ̀ yìí. Mi ò lè kúnlẹ̀ lé e mọ́. Mo máa ń díbọ́n ni." Ó bú sẹ́kún. Àgbà obìnrin, tó ń gbàdúrà fún gbogbo ìlú. Èmi náà sunkún. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sunkún ìyá rẹ.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Bóyá ẹ̀bùn ńlá ni ìgbàgbọ́ tí ìyá rẹ fi kọrin. Bóyá ẹrù ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ méjèèjì. Ohun tí mo lè sọ fún ọ ni pé, má ṣe bá aláìsàn jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀, má sì jẹ́ kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ dáhùn ìbéèrè tí o bi í nípa ara rẹ̀. Bí ó bá ní "Mo ti gba ìwòsàn," sọ pé "Àmín, Mà." Kí o wá tún bi í pé: "Bí ẹ ti ń retí ìwòsàn náà kó pé, níbo ló ń dùn yín jù?" Ìbéèrè tó bá ti gbà pé ìrora wà kì í sọ ẹni tó dáhùn rẹ̀ di aláìgbàgbọ́. Ká ní mo mọ èyí nígbà yẹn. Ká ní ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ṣé o rí i, ìwọ nìkan ni nọ́ọ̀sì ní gbogbo agbègbè yẹn tó mọ̀ ọ́n báyìí, o sì ń tẹ ìwé fún àwọn ọmọ yunifásítì.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí o bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n á gbé ẹlòmíràn lọ síbẹ̀. Yóò ka ìlù àyà wọn, yóò rí i pé kò yára, yóò gbé ìgò padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, oorun rẹ̀ á sì dùn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kó sùn ni mo fẹ́ kó wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí mò ń béèrè wúwo. Mò ń bẹ ọ́ kí o gbé ohun tó ń dùn ọ́ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, kí o má gbé e jù sílẹ̀. Mi ò lè ṣèlérí pé yóò fúyẹ́. Àwọn kan ní á fúyẹ́. Mi ò tíì rí i.

O ò gbọ́dọ̀ gbé e dá o. Wá ẹnì kan níbẹ̀ tí wàá lè sọ fún pé, "Ó ń dùn mí lónìí." Bí o bá fẹ́ ọkọ lọ́jọ́ kan, wá ẹni tó máa ń bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Jẹun kí o tó lọ síṣẹ́. Má fi omi tútù wẹ̀ láàárọ̀ létí ọ̀sà yẹn, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gún egungun. Máa pe Gbénga, ó ń díbọ́n bí ẹni pé kò fẹ́ kí o máa pè é.

Ó ku ohun kan, òun ni mo fi gbogbo èyí wá. Gbénga ní o ò lè mú ọwọ́ èèyàn mọ́, kódà láti fi kí i. Má fi àlejò bẹ̀rẹ̀. Kí oṣù tó parí, kí o tó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìwòpin, kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ mi. Mi ò ní se nǹkan kan, wàá bá mi bí mo ti wà. Jókòó tì mí, mú ọwọ́ mi, má wo aago. Bi mí pé ṣé ó ń dùn mí. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti lọ, gbogbo ìlú ti kí mi tán, kò tíì sí ẹni tó bi mí.

Màá sọ fún ọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Èmi ni bàbá rẹ.